Olùṣọ́, Òru Ti Rí? Bí Àwọn Ìjọ Ṣe Ń Fi Ìsìn Rántí Òpin Oko Ẹrú

Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ìjọ Yorùbá tí kì í ṣe àìsùn. Wọ́n á sin ọdún tó ń lọ, wọ́n á pàdé èyí tó ń bọ̀, kálukú á sì gbàdúrà kí ojú má ríbi. Àwọn ìjọ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà náà ń ṣe é, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà nísàlẹ̀ tiwọn. Ní irú alẹ́ yẹn ní 1862, àwọn baba ńlá wọn kóra jọ sílé ìsìn, wọ́n ń retí kí ilẹ̀ mọ́ kí àṣẹ Ààrẹ Abraham Lincoln lè sọ ẹrú di òmìnira. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan máa ń tàn ká láàárín wọn bí ọdún bá ti ń parí lọ, pé alẹ́ yẹn gan-an ni àìsùn ọdún tuntun bẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn Moravian, ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì kan ní Jámánì, ti ń ṣe àìsùn ọdún tuntun láti 1733. John Wesley, tó dá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, mú un lò ní 1740 ní Kingswood, lẹ́bàá Bristol, láàárín àwọn awakùsà èédú tó jẹ́ pé ilé ọtí ni wọ́n ti ń lo òru tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì tó bá súnmọ́ ìgbà tí òṣùpá bá yọ kíkún ni wọ́n ń fi í sí, kí ẹni tó bá ń lọ sílé lóru lè rí ọ̀nà. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì ló gbé e kiri ayé. Thomas Birch Freeman, tó gúnlẹ̀ sí Badagry ní oṣù Kẹsàn-án 1842, ọmọ ìjọ Wesley ni. Ọ̀nà yẹn ni àìsùn tiwa gbà wọlé, kì í ṣe ọ̀nà Lincoln. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà náà ti mọ̀ ọ́n ṣáájú 1862. Àìsùn ti wà nílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń retí nínú rẹ̀ ló yí padà lọ́dún náà.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án 1862, Lincoln kéde pé tí àwọn ìpínlẹ̀ tó ń bá ìjọba jagun kò bá padà, gbogbo ẹrú tó wà níbẹ̀ yóò di òmìnira ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1863. Ó fi 100 ọjọ́ sílẹ̀. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rù pé yóò yí ohùn padà. Nítorí náà, àwọn tó jókòó nílé ìsìn lóru ọjọ́ 31 kò mọ̀ bóyá yóò fọwọ́ sí i. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló tó fọwọ́ sí i. Ní Boston, ní gbọ̀ngàn Tremont Temple, ilẹ̀ ti ṣú gan-an ní ọjọ́ 1 kí tẹlígíráàmù tó dé. Frederick Douglass, ẹrú àtijọ́ tó ń jà kí oko ẹrú parí, wà láàárín àwọn tó ń dúró. Nígbà tí àkókò gbọ̀ngàn náà tán, wọ́n kó ayọ̀ wọn lọ sí ilé ìsìn Twelfth Baptist, wọ́n sì wà níbẹ̀ di àfẹ̀mọ́júmọ́. Ìdí nìyí tí àwọn ìlú kan ní gúúsù Amẹ́ríkà fi ń ṣe ìsìn méjì: àìsùn lóru ọjọ́ 31, lẹ́yìn náà ìsìn òmìnira láàárọ̀ tàbí lọ́sàn-án ọjọ́ 1, níbi tí wọ́n ti ń ka Ìkéde Lincoln sókè. Ìsìn kejì yìí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe kà á sí lọ. Ìjọ tó bá pariwo ayọ̀ ní aago méjìlá tó sì tú ká ti fo ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹ gan-an.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Aago mẹ́wàá ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Orin, àdúrà àti ẹ̀rí ló máa ń gba wákàtí àkọ́kọ́. Ìwàásù gbọ́dọ̀ ti parí kó tó di aago mọ́kànlá ààbọ̀, nítorí oníwàásù ló sábà máa ń ba alẹ́ yìí jẹ́: ó bá gbogbo ènìyàn dé ìṣẹ́jú mẹ́ta sí aago méjìlá, ó ṣì ń sọ pé òun fẹ́ kádìí ọ̀rọ̀. Tó bá ku ìṣẹ́jú 15, wọ́n á dín iná kù, gbogbo ènìyàn á kúnlẹ̀. Ẹnì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí olùṣọ́. Láti iwájú, ẹlòmíràn á ké sí i pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Aísáyà orí 21: Olùṣọ́, òru ti rí? Olùṣọ́ á dáhùn pé ó ku ìṣẹ́jú báyìí kí aago méjìlá lù. Wọ́n á tún dákẹ́. Wọ́n á tún bèèrè. Aago kan ṣoṣo ni kí olùṣọ́ máa wò, kí àwọn tó kù pa fóònù wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn èwe tó wà lẹ́yìn á ti máa kí ara wọn kú ọdún tuntun nígbà tí olùṣọ́ ṣì ń sọ pé ó ku ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó wà nídìí dùùrù náà gbọ́dọ̀ mú ọwọ́ kúrò. Orin jẹ́jẹ́ abẹ́ àdúrà tí a ti mọ̀ lára yìí máa ń jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ rọrùn jù. Alẹ́ yìí kò sì yẹ kó rọrùn.

Ní etíkun Georgia, ní àdúgbò Bolden, ìjọ Mount Calvary Baptist kò jẹ́ kí ijó àìsùn àtijọ́ kú. Ring shout ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á tò yípo, wọ́n á máa yí lọ ní òdìkejì bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Ẹnì kan á dá orin, àwọn kan á gbè é, ẹlòmíràn á máa fi igi lu ilẹ̀ pákó bí ẹni ń lu ìlù, nítorí àwọn ọ̀gá ẹrú bẹ̀rù ìlù, wọ́n sì fòfin dè é níbi púpọ̀. Ẹsẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá lórí ara wọn; wíwọ́ ni wọ́n ń wọ́ ọ nílẹ̀. Tí ẹsẹ̀ bá kọjá lórí ara wọn, ijó ayé ni wọ́n kà á sí nìyẹn, kì í ṣe ti Olúwa mọ́.

Lẹ́yìn aago méjìlá, oúnjẹ. Ìrẹsì àti ẹ̀wà olójú dúdú ni, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti búrẹ́dì àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá wọ ilé ìdáná wọn lóru yẹn kò ní í bèèrè ohun tó wà nínú ìkòkò. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sáà ni ẹ̀wà yìí ti bá àwọn ẹrú dé òkè òkun. Kìlógíráàmù kan ẹ̀wà àti kìlógíráàmù kan ìrẹsì tó àwo kékeré fún nǹkan bí 20 ènìyàn. Ẹ̀wà ni kó ṣáájú lórí iná, nǹkan bí aago mẹ́wàá ààbọ̀. Ó dìgbà tó bá rọ̀ tán kí ìrẹsì tó wọlé. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà á rí ìrẹsì tó ti di ẹ̀kọ, ẹ̀wà á sì máa ta eyín. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ń fi sí i níbẹ̀.

Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù nínú ìgbìmọ̀ ètò ìsìn ni ọjọ́ tí wọn yóò mú. Kò sí ọjọ́ kan ṣoṣo tí oko ẹrú parí. Ìkéde Lincoln kò kan Delaware, Maryland, Kentucky àti Missouri, tí wọ́n ní ẹrú ṣùgbọ́n tí wọn kò bá ìjọba jagun. Àtúnṣe kẹtàlá sí òfin orílẹ̀-èdè, tó fi òpin sí i pátápátá, kò wọlé títí di ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá 1865. Ní New York, òfin dá ẹrú sílẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 1827; àwọn kan nínú àwọn aláwọ̀ dúdú ṣe ìdúpẹ́ tiwọn ní ọjọ́ 5, wọn kò fẹ́ kó wọnú ariwo ọjọ́ òmìnira àwọn tó fi wọ́n ṣe ẹrú. Ní Brazil, wọ́n ṣe Mísà ìdúpẹ́ ńlá ní ìta gbangba ní Rio ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún 1888, ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn tí Ọmọ-ọba Isabel fọwọ́ sí òfin. Lónìí, ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ kò ka ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún sí mọ́, ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá tí wọ́n pa Zumbi ti Palmares, olórí àwọn ẹrú tó sá kúrò lóko, ni wọ́n ń rántí.

Ti Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà jù. Òwò ẹrú ni òfin ọjọ́ 25 oṣù Kẹta 1807 dá dúró, kì í ṣe oko ẹrú. Obìnrin tó jẹ́ ẹrú ní Barbados ní 1808 ṣì jẹ́ ẹrú, ọmọ tó bí lọ́dún yẹn náà sì jẹ́ ẹrú. Òfin tó dá wọn sílẹ̀ wá ní 1833, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ 1834, síbẹ̀ kò dá wọn sílẹ̀ tán. Wọ́n sọ gbogbo ẹni tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà di ọmọṣẹ́ tí yóò máa ṣiṣẹ́ fún ọ̀gá àtijọ́ fún wákàtí tó tó 45 lọ́sẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ 1838 ni èyí tó dópin. Antigua àti Bermuda nìkan ni kò ṣe ọmọṣẹ́ rárá. Ìwé ètò ìsìn tó bá kọ ọ́ pé 1807 ni a dá àwọn ẹrú sílẹ̀ ti gé ọdún 31 kúrò nínú ìyà wọn, irú ìwé bẹ́ẹ̀ sì pọ̀.

Ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ 1838, ní Falmouth, Jamaica, ìjọ Onítẹ̀bọmi tí William Knibb ń ṣe olùṣọ́-àgùntàn rẹ̀ ṣe àìsùn. Knibb ń wo aago, ó ń sọ fún wọn pé ẹranko burúkú náà ń kú lọ. Nígbà tí aago méjìlá lù, ó kígbe pé ó ti kú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n gbé pósí kan tí wọ́n fi igi mahogany kàn, wọ́n ti kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, pàṣán àti irin ọrùn sínú rẹ̀, wọ́n sì sin ín bí wọ́n ṣe ń sin òkú. Kò sí ìsìn ìrántí oko ẹrú tí àwọn ènìyàn ń tún sọ tó ti Falmouth. Ohun tí wọ́n kì í sábà sọ ni pé díákónì Onítẹ̀bọmi kan tó jẹ́ ẹrú, Samuel Sharpe, ti kó àwọn ẹrú Jamaica jọ láti dá iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn Kérésìmesì 1831. Ó di ogun. Ó lé ní 300 ẹrú tí wọ́n dájọ́ ikú fún tí wọ́n sì pa. Wọ́n yẹgi fún Sharpe ní Montego Bay ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún 1832. Àwọn aláwọ̀ funfun bínú sí àwọn míṣọ́nnárì, wọ́n wó ilé ìsìn wọn. Ti Knibb ní Falmouth wà lára rẹ̀. Ọ̀tẹ̀ yìí ló ti London láti kánjú sí òfin 1833. Ètò ìsìn tó dárúkọ Wilberforce, aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì tó gbógun ti òwò ẹrú, àti Knibb tí kò dárúkọ Sharpe ti sọ àwọn ẹrú di ẹni tó kàn jókòó tí wọ́n ń fún ní ẹ̀bùn.

Àwọn ìjọ kan ń fẹ́ tún pósí yẹn ṣe. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣọ́ra. Kí wọ́n má ṣe fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí ara ènìyàn, àgàgà ọmọdé, kí wọ́n sì sọ fún ìjọ ṣáájú pé irin ń bọ̀. Ní Falmouth, àwọn tí pàṣán ti nà ló sin pàṣán. Ẹni tí kò tí ì rí i rí lè rò pé eré orí ìtàgé ni.

Jamaica yọ ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ kúrò nínú ọjọ́ ìsinmi nígbà tó gba òmìnira ní 1962, ó sì dá a padà ní 1997. Trinidad àti Tobago ti sọ ọ́ di ọjọ́ ìsinmi láti 1985.

Ní Texas, ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà 1865 ni ìròyìn dé, nígbà tí Ọ̀gágun Gordon Granger gbé Àṣẹ Kẹta jáde ní Galveston. Láti 2021 tí ìjọba àpapọ̀ ti sọ ọ́ di ọjọ́ ìsinmi, ọ̀pọ̀ ìjọ tí kò ṣe é rí ló ń fi ìsìn Juneteenth, bí wọ́n ṣe ń pe ọjọ́ yìí, sí ọjọ́ Àìkú tó bá súnmọ́ ọn. Ní Galveston fúnra rẹ̀, ilé ìsìn Reedy Chapel ti gba àjọyọ̀ òmìnira láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1866. Kíka Àṣẹ náà ló jẹ́ ọkàn ìsìn yìí, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Gbólóhùn mẹ́rin péré ni. Méjì àkọ́kọ́ dùn: gbogbo ẹrú ti di òmìnira, ẹ̀tọ́ wọn dọ́gba pẹ̀lú ti ọ̀gá wọn. Méjì tó kù korò: kí wọ́n dákẹ́ jókòó síbi tí wọ́n wà, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ gba owó ọ̀yà, wọn kò gbọ́dọ̀ kóra jọ sí ibùdó ọmọ ogun, ẹnikẹ́ni kò sì ní í bọ́ wọn bí wọ́n bá ń ṣe ọ̀lẹ. Ọ̀pọ̀ ìjọ ń gé méjì ìkẹyìn sọnù. Kí wọ́n kà á tán. Ẹnu tó dá wọn sílẹ̀ ló tún pè wọ́n ní ọ̀lẹ, wọ́n sì jẹ́ ẹni tó ti ṣiṣẹ́ láìgbowó láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn.

Ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń le ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta 2007, wọ́n ṣe ìsìn igba ọdún òfin 1807 ní Westminster Abbey. Ọbabìnrin Elizabeth wà níbẹ̀, olórí ìjọba Tony Blair wà níbẹ̀. Láàárín ìsìn, Toyin Agbetu, ajàfẹ́tọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú kan, dìde, ó rìn lọ síwájú Ọbabìnrin, ó sì pariwo pé ìwọ̀sí ni èyí jẹ́ fún àwọn ọmọ Áfíríkà, títí àwọn ẹ̀ṣọ́ fi mú un jáde. Bí ẹni kan bá rò pé ó kọjá àyè rẹ̀, ẹ jẹ́ kó ka ìwé ètò ìsìn bẹ́ẹ̀ dáadáa kó sì bèèrè ta ni "àwa" inú rẹ̀. Nígbà tí gbogbo ìjọ bá jùmọ̀ ń sọ pé "a ti ṣẹ̀", ọmọ ẹni tí wọ́n tà ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó ra bàbá rẹ̀. Ojútùú rẹ̀ kò le. Kí olórí ìjọ tó jẹ gbèsè dá dìde, kó sọ ohun tí ìjọ rẹ̀ ṣe ní pàtó, kí àwọn tó kù máa gbè é pẹ̀lú "Olúwa, ṣàánú."

Ohun pàtó sì wà láti sọ. Ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà, SPG, ni ó ni oko Codrington ní Barbados, wọ́n sì fi irin gbígbóná kọ "Society" sí àyà àwọn ẹrú ibẹ̀. Nígbà tí òfin 1833 pín mílíọ̀nù 20 pọ́n-ùn, àwọn oní-ẹrú ni wọ́n pín in fún, ẹrú kankan kò gbà nínú rẹ̀. SPG gba 8,823 pọ́n-ùn lórí ẹrú 411. Gbèsè tí ìjọba jẹ nítorí owó yẹn, 2015 ló tó san án tán. Synod, ìgbìmọ̀ tó ń ṣòfin fún Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì, tọrọ àforíjì ní oṣù Kejì 2006. Ní oṣù Kìíní 2023, àwọn tó ń tọ́jú owó ìjọ náà kéde 100 mílíọ̀nù pọ́n-ùn, lẹ́yìn tí wọ́n rí i pé àpò Queen Anne's Bounty, tí díẹ̀ nínú owó wọn ti wá, dówò pẹ̀lú South Sea Company tó ń kó ẹrú. Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn ti ń lọ: àwọn kan ní owó náà kéré, àwọn kan ní owó ìjọ àdúgbò ni kó jẹ́. Ẹni tó bá ń ṣètò ìsìn ìrántí ní Gẹ̀ẹ́sì lónìí kò lè ṣe bí ẹni pé kò gbọ́.

Nǹkan kan nípa orin. "Amazing Grace" ló máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn gbogbo olórin. John Newton tó kọ ọ́ jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ ẹrú lóòótọ́, ṣùgbọ́n 1748 ló sọ pé òun yí padà, ó sì ń kó ẹrú títí di 1754. 1788 ló tó tẹ ìwé jáde tó fi tako òwò náà. Orin náà dára. Kí wọ́n kọ ọ́ níbi ìrònúpìwàdà, kí wọ́n má kọ ọ́ níbi ìṣẹ́gun.

Ní ti Yorùbá, ìwé ètò ìsìn tó ka ẹ̀ṣẹ̀ òyìnbó nìkan kò tíì pé. Nígbà tí wọ́n kó Àjàyí, tó wá di Samuel Crowther, ní Òṣogùn ní 1821, aláwọ̀ dúdú ló kó o, aláwọ̀ dúdú ló tà á láti ọwọ́ sí ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì Myrmidon gba ọkọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin 1822, ó sì sọ̀kalẹ̀ ní Freetown ní òmìnira. Ní oṣù Kìíní 1844, níbẹ̀, ó fi Yorùbá darí ìsìn fún àwọn tó ti jẹ́ ẹrú bíi tirẹ̀. Wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní 1864, wọ́n sì gba iṣẹ́ míṣọ́nnárì ti odò Niger lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó, òyìnbó ló rọ́pò rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 2014, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Justin Welby ṣe ìsìn ìdúpẹ́ àti ìrònúpìwàdà ní Canterbury nítorí rẹ̀. Ọjọ́ tí Crowther kú ní Èkó ni 31 oṣù Kejìlá 1891. Alẹ́ àìsùn ni, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ìjọ Yorùbá kan dárúkọ rẹ̀ lálẹ́ náà.

Orúkọ rẹ̀ nìkan kọ́ ló wà nílẹ̀. Àwọn akọ̀wé ilé-ẹjọ́ ní Freetown àti Havana kọ orúkọ àwọn tí wọ́n gbà kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú lẹ́yìn 1807, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn àti bí wọ́n ṣe ga tó. Ó lé ní 91,000 tí àwọn onímọ̀ ti kó jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ìwé oko Jamaica àti Barbados kì í sábà ní irú èyí, orúkọ tí ọ̀gá fún wọn ló kún ibẹ̀. Ti Freetown jẹ́ orúkọ tí ìyá sọ ọmọ, bí etí akọ̀wé ṣe gbọ́ ọ, láìsí àmì ohùn. Gẹ̀ẹ́sì kan kò lè kà á kó jáde bó ṣe yẹ. Òjó á di nǹkan mìíràn lẹ́nu rẹ̀. Ìjọ tó bá fẹ́ lò ó kí ó yan 60, kí ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa ti fi ohùn sí wọn ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí àwọn òǹkàwé méjì máa pín in kà, orúkọ kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún. Ìṣẹ́jú márùn-ún gééré ni gbogbo rẹ̀. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nígbà tí olùṣọ́ bá dáhùn pé ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún.